Ẹni Tuntun Tó Ní Òun Yóò Ṣọ́ Ìbò Wa: Ìwé Wo Ló Mú Dání?

(Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìlú Ẹdẹ)

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ òṣèlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ mọ̀ pé ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò gbà kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ tàbí owó ẹgbẹ́ gbe olùdíje kankan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwa tí a ń yẹ ìwé yín wò, a kò sì gbé àsíá ẹnikẹ́ni dání. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kò ní kí a di ojú wa nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbò. Ẹni tó ń dá owó sínú ẹgbẹ́ ló ń dìbò ní àdúgbò, ọ̀nà tí ìjọba bá sì gbà wọlé ni yóò gbà ná owó wa.

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, a máa ń rí ẹni tuntun tí kò dé ipò kankan rí, tí yóò jáde pé òun fẹ́ dupò ní ìpínlẹ̀ kí òun lè dáàbò bo ìbò àwọn aráàlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé bí ẹnìkan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Báwo ni a ṣe ń wo ọrùn ẹni tó ní òun yóò ṣọ́ ìbò? Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

ÌWÉ MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tiwa. Láti ọdún 1844 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ni àwa alájẹṣẹ́kù ti ń tẹ̀lé òfin kan: ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Ẹni tó ní ìpín ọgọ́rùn-ún àti ẹni tó ní ìpín kan, ọgbọọgba ni wọ́n lọ́jọ́ ìdìbò. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní ọdún 1935, òun náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó wa bá pàdé.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò lè dá dúró. Ìwé mẹ́ta ló gbé e ró. Èkíní ni ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò? Èkejì ni ìwé àwọn tó péjú: ta ló wá sí ìpàdé lónìí? Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ ìbò: mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní? Nígbà tí a bá wá yẹ ìdìbò yín wò, a kì í béèrè ẹni tí a fẹ́ràn. Ìwé mẹ́ta yìí ni a máa ń tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 60, àwọn 41 ló fọwọ́ síwèé pé àwọn wá, ìbò wá jẹ́ 47. A kò nílò ẹlẹ́rìí kankan mọ́. Ìbò mẹ́fà ti wọlé láìní ẹsẹ̀ tó gbé e wá. Ìpàdé náà ti bàjẹ́, ì báà jẹ́ ẹni rere ló wọlé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa kò ju ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́ta yìí lọ.

ẸNI TUNTUN LÁTI ẸDẸ

Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò mọ ìdílé Adélékè. Sẹ́nétọ̀ Ìsíáká Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó gorí àga ní ọdún 1992. Nígbà tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àbúrò rẹ̀ Adémọ́lá jáde láti gba ipò tó ṣófo ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì wọlé ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún náà. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí ló dupò gómìnà. Bí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tuntun ni nígbà náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 254,698 ni wọ́n kà fún un, wọ́n ka 254,345 fún Gbóyèga Oyètọ́lá. Ìyàtọ̀ jẹ́ 353. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́gi lé èsì ibùdó méje ní Ọ̀rọ̀lú, Gúúsù Ifẹ̀, Àríwá Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Àwọn 3,498 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò àwọn ibùdó náà. Nítorí pé iye yìí ju 353 lọ, àjọ INEC ní ìdìbò kò tíì parí. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27 oṣù náà, àwọn alákìíyèsí láti ilẹ̀ òkèèrè sì ròyìn pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò, wọ́n sì dí àwọn kan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Oyètọ́lá ní 255,505, Adélékè ní 255,023. Ìyàtọ̀ 482 ló yan gómìnà.

Ẹ̀yin ará, ibùdó méje nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Bí ọ̀gá ibùdó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ìwé bá pé, bí àwọn aṣojú bá dúró títí tí wọ́n fi kà á tán, bóyá ibùdó méje yẹn kò ní fa ẹjọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá Adélékè láre. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní oṣù karùn-ún, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i fún Oyètọ́lá ní ọjọ́ 5 oṣù keje, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Kí ni ìdí rẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ náà, tó kọ ìdájọ́ tó dá Adélékè láre, kò jókòó ní ọjọ́ 6 oṣù kejì nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tí kò bá wọn jókòó kò lè bá wọn dájọ́. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ gbọ́ bí? Ìwé àwọn tó péjú ni ọ̀rọ̀ náà tún padà sí. Ẹjọ́ ńlá, gbogbo làálàá rẹ̀, ó dá lórí ọjọ́ kan tí ẹnì kan kò wá sí ìjókòó.

ÌWÉ ÀKỌ́KỌ́ ÀTI Ẹ̀DÀ

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé. Ẹ̀rọ BVAS, tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, ti dé nígbà náà. Òfin ìdìbò ọdún 2022 sì ti yí ohun pàtàkì kan padà. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ìbò: bí orúkọ bá jẹ́ 500 tí àwọn 120 sì jáde, ẹni tó bá fẹ́ ṣe èrú lè kó 300 sínú àpótí kí ó má kọjá ìwọ̀n. Òfin 2022 sọ pé iye àwọn tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà ni ìwọ̀n. Bí ìbò bá fi ẹyọ kan péré jù ú lọ, kí ọ̀gá ibùdó wọ́gi lé e. Ìwé orúkọ nìkan kò tó mọ́, ìwé àwọn tó péjú ti di ọ̀gá.

Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Oyètọ́lá lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ní ibùdó tó ju 700 lọ, ìbò ju àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ gbà fún un, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Jìnnìjìnnì bo ìlú. Ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi òpin sí i fún Adélékè ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún.

Ìdí tí wọ́n sọ yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé ìbò ju ènìyàn lọ gbọ́dọ̀ kó ohun mẹ́ta wá: ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n lò ní ibùdó gan-an, àti ìwé èsì ibùdó tí a ń pè ní EC8A. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ibi tí àwọn ẹ̀rọ náà ń kó iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ni olùpẹ̀jọ́ gbójú lé, wọ́n sì ti gba ìròyìn náà kí gbogbo ẹ̀rọ tó rán tiwọn tán. Ẹ̀dà ni èyí. Ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó ni ìwé àkọ́kọ́.

Ohun kan náà ni a máa ń sọ fún yín nípa ìwé owó. Bí akápò bá ní owó pé, tó wá mú bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lálẹ́ àná wá, a kò ní gbà á. Ìwé ọjọ́ dé ọjọ́ ni a ó béèrè, àti rìsíìtì, àti ìwé pélébé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Òtítọ́ tí kò ní ìwé àkọ́kọ́ lè jẹ́ òtítọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè rìn dé ilé-ẹjọ́.

OHUN TÍ ÌDÁDÚRÓ Ń NÁ WA

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí ilé-ẹjọ́ wà?” Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2007. Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní òun kò gbà pé Olágúnsóyè Oyinlọlá ló wọlé. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn tó sọ pé Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló borí. Nínú sáà ọdún mẹ́rin, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹni tí ìbò kò gbé wọlé fi jókòó. Nítorí èyí ni ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun fi kúrò lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà inú wa sì rántí ọdún 1965, nígbà tí wọ́n ń wẹ́tìẹ̀ ilé àti ènìyàn ní ìwọ̀-oòrùn, àti oṣù kẹjọ ọdún 1983 ní Ondó, nígbà tí wọ́n kéde ẹlòmíràn dípò Adékúnlé Ajáṣin. Ilé-ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀mí tó ti lọ padà.

IPÒ WO LÓ Ń ṢỌ́ ÌBÒ?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tuntun wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ipò tí o ń dù, agbára wo ló ní lórí ìdìbò? Gómìnà kọ́ ló ń darí INEC, aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kọ́. Bí ó bá ṣèlérí pé òun yóò tún ìdìbò ààrẹ ṣe láti Òṣogbo, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìdìbò kan wà tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ gan-an: ti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi í sọ́wọ́ àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀, tiwa ni OSSIEC. Gómìnà ló ń yan alága àti àwọn ọmọ àjọ náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tó ní ọmọ ilé 26, ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí wọn. Ibi tí aṣòfin tuntun ti lè ṣọ́ ìbò nìyẹn: kí ó yẹ ẹni tí wọ́n yàn wò, kí ó má kàn gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ APC wà nílé ìjọba, APC ló kó gbogbo ipò alága. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tí PDP wà níbẹ̀, PDP ló kó gbogbo rẹ̀. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ohun tí a sọ ni pé, bí a bá yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò tí a rí i pé èrè nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sí gbèsè kankan láti ọdún dé ọdún, a kì í kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. A máa ń jókòó, a máa ń ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó hàn. Wọ́n gbé ìdìbò 2022 lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ń já sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó tó yẹ kí ó máa ti Àbújá wá fún ìjọba ìbílẹ̀ sì há. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó yáwó ẹgbẹ́ tí a ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ìbò tí a kò ṣọ́ dáadáa, inú ìwé owó tiwa ló padà wá jókòó sí.

ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó BI Í

Lẹ́yìn ìbéèrè ti ipò, ẹ bi í lọ́nà kejì: báwo ni ìwọ fúnra rẹ ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì? Òfin wa kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Láti ọdún 2018, ẹni ọdún 25 ti lè dupò ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 35 ti gómìnà kò yí padà; ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá ìsàlẹ̀ kan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dìbò fún, tí ó wá ní òun yóò ṣọ́ ìbò wa, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ ṣọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò dúró fún ọ? Ibùdó ìdìbò 3,763 ló wà ní Ọ̀ṣun ní ọdún 2022. Aṣojú tó mọ̀wé, tó lè ka iye àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí EC8A, tí yóò gba ẹ̀dà tirẹ̀, tí yóò sì rí i pé wọ́n lẹ èsì mọ́ ibùdó, òun ni ẹ̀ṣọ́. Aṣojú tó gba owó oúnjẹ tó sì ti lọ kí wọ́n tó kà á tán, àfẹ́kù lásán ni. Ẹni tó ń ná owó sórí onílù ju orí aṣojú lọ kò tíì mọ ohun tí ó ní òun fẹ́ ṣọ́.

Ẹ̀kẹrin, tó le jù: bí o bá dépò tán, tí ìwé sì fi hàn pé ẹgbẹ́ tìrẹ ló fìdí rẹmi, ṣé ìwọ yóò fọwọ́ sí i? Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ lálẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí a ka ìbò dáadáa. Ọjọ́ tó bá wà lókè ni a ó mọ̀ ọ́n.

ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Ẹ̀yin ọmọ Ẹdẹ, ìtàn ìlú yìí kò ṣàjèjì sí yín. Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà Iná, wá síbí láti ṣọ́ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwọn ọlọ́jà lẹ́rù. Ibi ìṣọ́ ni ìlú yìí láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá nìkan ṣọ́ ọ̀nà. Ìwé ló ń ṣọ́ ìbò, ènìyàn púpọ̀ ló sì ń ṣọ́ ìwé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, kí a tó béèrè lọ́wọ́ olùdíje, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa. Ẹgbẹ́ wo nínú wa ni alága rẹ̀ kò tíì kúrò lórí àga láti ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ń ní “kò sí ẹlòmíràn”? Ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́rin yìí. Kí akọ̀wé lẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò mọ́ ara ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ẹni tó bá wọlé fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí i fún ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó wà nílé. Kí a ka àwọn tó jókòó sókè ketekete kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Kí a sì ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó fìdí rẹmi fọwọ́ sí èsì pẹ̀lú ẹni tó borí.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí bá jáde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ dupò ní ìpínlẹ̀, ì báà jẹ́ lábẹ́ àsíá èyíkéyìí, a kò ní béèrè ìwé tó mú dání. A ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀.